Àdó Tí Kò Gbọdọ̀ Kan Ilẹ̀

Bàbá Ọdẹ́rìndé fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, lábẹ́ igi ọsàn tó wà níwájú ilé rẹ̀ ní Abẹ́-Òkè, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwa obìnrin ń bó ẹ̀gúsí. Lẹ́yìn ìyẹn mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá kí n tó mọ ìwé kọ. Kò sí ìgbà kan tó sọ ọ́ tí kò kọ́kọ́ bú àwa tí a ń gbọ́. Yóò jókòó, yóò wò wá láti orí dé ẹsẹ̀, yóò tutọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò ní:

“Ẹ wo bí ẹ ṣe jókòó bí àpò ẹ̀wà tí òjò pa. Kò sí ẹni tó ti kọjá odò nínú yín láìké pe ìyá rẹ̀. Èmi ni mo wọ Igbó Àìdákẹ́ tí mo sì jáde. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó yáa wú u tán báyìí, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ọ̀fun ẹnikẹ́ni.”

A ó rẹ́rìn-ín, a ó sì dákẹ́. Ohun tó sọ nìyí.

Nígbà náà Ọdẹ́rìndé ṣì lágbára, ẹnu rẹ̀ sì lágbára ju apá rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àwẹ̀ró, ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá àti bàbá wọn kú. Inú ilé bàbá wọn ni Àwẹ̀ró ń gbé, ní ìdí Òkè Ìdẹ̀ra gan-an, ilé tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkúta. Lọ́dọọdún tí òjò bá ti pọ̀, erùpẹ̀ máa ń ya díẹ̀díẹ̀ lára òkè náà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ọdẹ́rìndé ti sáré wọ ilé yìí, tó ní àtẹ́lẹsẹ̀ òun ń yún òun, pé òkè ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àwẹ̀ró di ẹrù, tó gbé e rù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dé ìdí igi àràbà tó wà níbi tí ọ̀nà ti yà, tó bojú wẹ̀yìn, tó rí ilé bàbá rẹ̀ tó dúró ṣánṣán bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, tó sì padà síbẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú. Lẹ́ẹ̀kìíní, òjò ba èlùbọ́ rẹ̀ jẹ́ lójú ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀kejì, ewúrẹ́ wọ ilé tí kò sí ẹnìkan níbẹ̀, wọ́n jẹ irúgbìn àgbàdo rẹ̀ tán. Lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo àdúgbò fi í kọrin.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, Ọdẹ́rìndé gun òkè lọ, ó rí i pé ilẹ̀ ti là lókè ilé náà. Ibi tó là lè gba ìka mẹ́ta. Ẹ̀rù bà á dénú egungun. Ó sáré sọ̀kalẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde! Òkè ń bọ̀.”

Àwẹ̀ró ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè. “Ta ló sọ fún ọ?”

“Àtẹ́lẹsẹ̀ mi.”

“Kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ kọ́kọ́ lọ wẹ̀.”

“Mo fi ojú mi rí ibi tí ilẹ̀ ti là!”

“Ilẹ̀ ti ń là láti ìgbà tí mo ti ń pọ̀n ọ́. Ọdẹ́rìndé, gbọ́. Ẹkùn méje lo ti fi ẹnu pa, n kò tíì rí awọ ọ̀kan tí n ó tẹ́ jókòó. Òkè yìí ti wó lẹ́nu rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí o bá fẹ́ kí n tún di ẹrù, lọ wá ohun tó mọ nǹkan tí kì í fọ́nnu wá, kó sọ ọ́ lójú mi. Bí kò bá sí irú rẹ̀ láyé, inú ilé yìí ni wọ́n bí mi sí, inú rẹ̀ ni kí òkè bò mí mọ́. Wá, bá mi ju kòkòrò inú ẹ̀wà yìí dànù kí o tó lọ.”

Ọdẹ́rìndé mọ̀ pé obìnrin yìí kì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó tún mọ̀ pé òjò ńlá oṣù Òkudù ni yóò ya ilẹ̀ náà. Bí òun kò bá rí ohun tí ẹ̀gbọ́n òun bèèrè mú wálé kí òjò yẹn tó dé, ọkọ́ ni òun yóò fi wú u jáde lábẹ́ erùpẹ̀. Ó mú ìbọn, ó mú akèrègbè omi, ó gbé àpò ọdẹ kọ́ èjìká, ó sì wọ igbó.

Igbó Àìdákẹ́ kì í ṣe irú igbó tí ẹ mọ̀. Igi ibẹ̀ ń jiyàn, òkúta ibẹ̀ ń hanrun, àwọn ẹyẹ ibẹ̀ ń bú ìran ara wọn láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni Ọdẹ́rìndé fi rìn nínú rẹ̀. “Ẹ má bi mí bí mo ṣe sùn,” Bàbá máa ń sọ fún wa níbí, “ẹ̀yin tí ẹ̀fọn kan ṣoṣo ń gba oorun lójú yín.”

Ní ọjọ́ kejìdínlógún ó kan iwin kan tí etí rẹ̀ méjèèjì tóbi bí ilẹ̀kùn ààfin. Elétí-Ilẹ̀kùn ni orúkọ rẹ̀. Ó jókòó sórí kùkùté, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí mú bí ẹni tí orí ń fọ́.

“Ta ni ń tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó ń gún iyán lórí mi yìí?”

“Èmi Ọdẹ́rìndé, ọmọ Ọdẹ́lékè! Èmi tí mo wo ẹfọ̀n lójú tí ẹfọ̀n yíjú! Èmi tí...”

“Mo ti mọ̀. Láti ìjẹta lo ti ń sọ ọ́ fún ara rẹ lójú ọ̀nà. Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ìgbà tí o ń họ ìdí pẹ̀lú.”

Inú Ọdẹ́rìndé dùn. Ẹni tó bá gbọ́ ìdí híhọ láti ọ̀nà ọjọ́ mẹ́ta, ṣé kò ní gbọ́ òkè? Ó ní, “Òkè Ìdẹ̀ra ń kọ́? Ṣé o ń gbọ́ ọ?”

“Gbogbo òkè ayé ni mo ń gbọ́.”

“Ṣé ó ń bọ̀?”

Elétí-Ilẹ̀kùn ṣí etí sílẹ̀, ó tẹ́tí gan-an. Ojú rẹ̀ fà ro. Omi bọ́ níbẹ̀. Ó ní, “Mo ń gbọ́ òkè. Mo ń gbọ́ èèrà tó wà lórí òkè. Mo ń gbọ́ ọmọ tó ń sunkún ní ìlú kejì, mo sì ń gbọ́ ìwọ tí o ń mí. Gbogbo rẹ̀ ti dà pọ̀. Ìgbà tí mo ti gbọ́ ohun kan ṣoṣo gbọ́, n kò rántí mọ́.”

“Nítorí náà o kàn ń gbé etí ńlá yìí kiri lásán ni?”

Ọ̀rọ̀ yìí dun iwin. Ó gbá Ọdẹ́rìndé mú lọ́rùn, ó ní ọdún mẹ́rìndínlógún ni yóò fi máa bá òun fi òwú dí etí. Ọdẹ́rìndé kò bẹ̀ ẹ́. Ó gbé ẹnu ìbọn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọ̀tún rẹ̀, ó yìn ín sójú ọ̀run. Ìró lásán gbé iwin ṣubú, ó ń yí gbirigbiri nínú ewé, ó ń ké pé, “Máa lọ! Máa lọ! Kọjá odò yanrìn, lọ bá àwọn tó ń bo ẹnu. Àwọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohun kan ṣoṣo!”

Bàbá máa ń na ìka sí ọ̀kan nínú wa nígbà tó bá dé ibí yìí. “Bó bá jẹ́ ìwọ ni, òwú lò bá ṣì máa kì bọ etí iwin títí di òní. Ẹnikẹ́ni kò sì ní wá ọ.”

Lẹ́yìn odò yanrìn ni ìlú náà wà lóòótọ́. Ilé ibẹ̀ funfun, ọ̀nà ibẹ̀ funfun, ewé kan kò bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Adènà tó jáde wá fi aṣọ funfun bo ara láti àtàrí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ló hàn, ojú náà sì ń wo Ọdẹ́rìndé bí ènìyàn ṣe ń wo ohun tí ajá wọ́ wọ yàrá.

“Má mí sí mi lára,” ni adènà wí. “Sún sẹ́yìn. Tún sún. Ó dáa. Kí lo fẹ́?”

“Mo fẹ́ ohun tó mọ ìgbà tí òkè bá ń rìn.”

“Ìwọ fúnra rẹ ń kọ́, ṣé o mọ ìgbà tí o bá ń rìn?”

“Kí ló dé tí n kò ní mọ̀?”

“Dá mi lóhùn nígbà náà, kí n tó lé ọ. Bí ọdẹ bá ta gìrì, tó fò síwájú, kí ló wà lára rẹ̀ tí kò tíì gbà pé ó ti lọ?”

“Ọkàn mi.”

“Rárá o.”

“Òjìji mi.”

“Òjìji rẹ ń tẹ̀ lé ọ bí aláìríṣẹ́ṣe. Padà sílé.”

Inú bí Ọdẹ́rìndé. Ó fò síwájú láti fa adènà náà ní aṣọ. Bó ti fò, omi inú akèrègbè tó gbé kọ́ ẹ̀yìn ya sẹ́yìn lójijì, ó ti ìdérí ṣí, ó sì dà sí i lẹ́yìn títí dé inú ṣòkòtò. Ó dúró gbagidi. Omi ń kán tó, tó, tó. Adènà ń wò ó.

“Omi!” ni Ọdẹ́rìndé ké. “Omi inú akèrègbè ni! Èmi ti lọ, òun ṣì wà níbi tó wà!”

“Ẹ̀yìn rẹ ló dáhùn, kì í ṣe orí rẹ,” ni adènà wí. “Ṣùgbọ́n o ti dáhùn. Ẹ wá wẹ̀ ẹ́!”

Wọ́n wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀meje. Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i lára títí eruku ọgbọ̀n ọdún fi kúrò níhò etí rẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ funfun fún un, wọ́n bo imú àti ẹnu rẹ̀. Ọdẹ́rìndé ní ta ni wọ́n rò pé òun jẹ́, ṣé adẹ́tẹ̀ ni òun ni? Olórí ìlú náà, obìnrin àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Afọyanrìn, ló dá a lóhùn. “Awọ orí bíńtín kan tó bá bọ́ lára rẹ níbí,” ló wí, “òkè ló wó lu ilé onílé.”

Ó mú un lọ wo iṣẹ́ wọn. Yanrìn ni wọ́n ń fọ̀. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì fi iná yọ́ ọ títí kò fi sí ohun mìíràn nínú rẹ̀, wọ́n jẹ́ kó dì bí ọ̀pá ńlá kan tó ń dán. Wọ́n gé ọ̀pá náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń gé iṣu fún dùndún. Wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ fín in, wọ́n fi omi tó ń jẹ òkúta fọ ibi tí wọn kò fẹ́ kúrò. Nínú ẹyọ kan tó fẹ̀ bí ìdérí ìkòkò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì ní yàrá, ilẹ̀kùn àti ẹni tó ń gbé inú wọn. Ìyá Afọyanrìn ya ilé kan kúrò, ó gbé e sórí èékánná rẹ̀.

Ọdẹ́rìndé wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bo ẹnu rẹ̀. “Èyí? Mo ti yọ ohun tó ju èyí lọ lábẹ́ èékánná ara mi. Ṣé èyí ló máa bá mi ṣọ́ òkè?”

Obìnrin náà fún un ní dígí kan tó ń sọ bíńtín di ńlá, pé kó fi wò ó.

Ọdẹ́rìndé wo inú ilé náà. Nínú yàrá kìíní, ọkùnrin kan rọ̀ láàárín afẹ́fẹ́ lórí irin mẹ́rin tí wọ́n lọ́ bíi sípíríǹgì ìbọn, ṣùgbọ́n òwú aláǹtakùn nípọn jù wọ́n lọ. Ìka rẹ̀ pọ̀ bí ehín òòyà, ògiri ọ̀tún àti ti òsì náà ní ehín tiwọn, àwọn ehín wọ̀nyí wọ àárín ara wọn láìkan ara wọn. Bí ilé bá sún, ọkùnrin náà yóò kọ́kọ́ dúró sẹ́yìn bí omi inú akèrègbè, ehín ọ̀kan yóò sún mọ́ ehín èkejì, ọkùnrin náà yóò sì sọ iye tó fi sún. Má-jàá ni wọ́n ń pè é. Nínú yàrá kejì, ẹnì kan ń fì síwá sẹ́yìn láìsinmi, òun ló mọ ìgbà tí nǹkan bá yí. Nínú yàrá kẹta ni Òùngbẹ wà, tó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu, tí ikùn rẹ̀ ń wú bó ti ń mu.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bíńtín,” ni Ọdẹ́rìndé wí. “Èmi ni mo pa ẹkùn méje.”

“Má pariwo, ohùn rẹ ń mì mí,” ni Má-jàá wí. “N kò mọ ẹkùn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n.”

Òótọ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Láti ọjọ́ tó ti rí ibi tí ilẹ̀ ti là ni ọwọ́ náà ti ń gbọ̀n, kò sì tíì sí ẹni tó rí i.

Ìyá Afọyanrìn tẹ́ òwú sínú àdó kékeré kan, ó gbé ilé náà sí i, ó sì fi ìda dí àdó lẹ́nu. “Wọ́n ti sùn,” ló wí. “Ìda yìí ló ń mú wọn sùn. Má ṣí i títí o fi gbé e kalẹ̀ lórí òkè rẹ, kí o sì jẹ́ kí gbogbo nǹkan dúró kí o tó ṣí i. Wọn kì í bí ìdúró mọ́ wọn. Ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ jí bá, òun ni wọn yóò máa pè ní ìdúró. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́,” ni Ọdẹ́rìndé wí, bí ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń jẹun. “Kí ni kí n fún yín?”

“Eruku rẹ ni kí o kó kúrò nílùú wa.”

Àwọn igi Igbó Àìdákẹ́ fi í ṣẹ̀sín bó ti ń padà lọ. Nígbà tó ku ìrìn ìdajì ọjọ́ kó délé, ó rántí ojú Àwẹ̀ró níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní òun kò lè gbé ohun tí òun kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ délé níwájú obìnrin yẹn. Òun yóò kọ́kọ́ dán an wò.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí àwọn ọdẹ Abẹ́-Òkè máa ń kọ́ ọmọ kó tó fọwọ́ kan ìbọn: àdó tó bá wà nínú àpò ọdẹ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ títí yóò fi délé. Bó bá kan ilẹ̀ lójú ọ̀nà, igbó ti gbà á padà nìyẹn, igbá lásán ni ọdẹ yóò gbé wọlé. Ọdẹ́rìndé kò ṣẹ̀ sí ẹ̀kọ́ yìí rí. Kò gbé àdó kalẹ̀. Ó so ó mọ́ ìbàdí, ó ń rìn lọ, ó sì ń fi èékánná họ ìda kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní láti yé yín bó ṣe máa ń rìn. Láti ìgbà tó ti mọ ara rẹ̀ lọ́kùnrin ló ti ń fì sósì fì sọ́tùn-ún bí ẹni tí gbogbo ìlú ń wò, kódà nígbà tí kò bá sí ẹnìkan nítòsí.

“A ti jí,” ni Má-jàá wí nínú àdó. “Ayé ń fì sósì. Ayé ń fì sọ́tùn-ún. Ó dára. Ìdúró nìyí. A ti mọ̀ ọ́n.”

Ohùn náà dùn mọ́ Ọdẹ́rìndé. Kò fi etí sí ohun tó sọ.

Kí ó tó wọ Abẹ́-Òkè, ó ti ń yin ìbọn. Gbogbo ìlú jáde. Ó kó wọn lọ sẹ́yìnkùlé Àwẹ̀ró, níbi tí òkúta ti jáde lára òkè, ó ròyìn iwin, ó ròyìn odò yanrìn, ó fi ẹkùn kẹjọ kún un. Ó wá gbé àdó kalẹ̀ sórí òkúta náà.

Bí ìdí àdó ti kan òkúta ni Má-jàá figbe ta. “Ayé ti yẹ̀! Òkè ń sá! Òkè ń sá sósì, òkè ń sá sọ́tùn-ún!”

Ẹsẹ̀ kò gbèrò. Bàtà ṣẹ́kù sílẹ̀, fìlà ṣẹ́kù sílẹ̀. Obìnrin kan pọn ọmọ ọlọ́mọ lọ, ó fi tirẹ̀ sílẹ̀. Àwẹ̀ró nìkan ni kò sún. Ó fara ti òpó ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ mọ́yà, ó ń wo òkè. Òkè náà ń wò ó. Òjìji ilé kúrò lápá kan, ó bọ́ sí apá kejì, àwọn tó sá bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, àdó ṣì ń ké.

“Ọdẹ́rìndé,” ni Àwẹ̀ró wí, “mo ní kí o lọ wá ohun tí kì í fọ́nnu. O lọ bí ara rẹ, o fi í sínú àdó.”

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n dùbúlẹ̀ rín in ni. Nígbà tí wọ́n tú ká tán, Ọdẹ́rìndé tẹ̀ ba lórí àdó. “Kí lẹ ń ṣe mí báyìí?”

“Ìwọ lo kọ́ wa,” ni Má-jàá wí. “Ìrìn rẹ ni a jí bá. Ohunkóhun tí kò bá fì bí ìwọ, lójú tiwa, ó ń sá. Ẹ̀dá kan ha ń rìn bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ yí i padà! Ojú ọ̀run ti ṣú, Òkudù ti dé, ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ilé yẹn!”

“A kò mọ ẹ̀gbọ́n. Dí wa lẹ́nu. Bó bá di òwúrọ̀, ṣí wa, kí o sì jẹ́ kí gbogbo nǹkan dúró títí a ó fi mọ̀ ọ́n. Ìwọ náà dúró. Ẹnu rẹ pẹ̀lú.”

Bí oòrùn ti yọ lọ́jọ́ kejì, Ọdẹ́rìndé yọ ìda kúrò, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, kò mira mọ́. Èèrà gun itan rẹ̀. Òógùn wọ ojú rẹ̀. Àwọn tó ń lọ sóko dúró, wọ́n bi í bóyá ẹkùn kẹjọ ló gbé ahọ́n rẹ̀ lọ, kò fèsì.

Àwẹ̀ró jáde wá pẹ̀lú agbada ẹ̀wà rẹ̀, ó jókòó dojú kọ ọ́. “Ọ̀gá ọdẹ, ẹ káàárọ̀. Ẹkùn kìíní, ológbò Ìyá Àdùkẹ́ ni. Èkejì, a kò rí òkú rẹ̀. Ẹfọ̀n tó yíjú, ojú kan ló ní, ibi tó fọ́ lo dúró sí. Ta ló ń sunkún tó fi ọwọ́ di ìró mi mú nígbà tí ìjì ń jà? Ṣé ẹkùn ni?” Kò fèsì. Ó mú ẹyọ ẹ̀wà kan, ó jù ú bà á níwájú orí. Kò fèsì.

Àwẹ̀ró wò ó pẹ́. Láti ìgbà tó ti ń tọ́ ọ, kò tíì rí i kí ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ kó má gbé e. “Ṣé ara rẹ yá?” ló bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò fèsì. Àwẹ̀ró dìde, ó gbé agbada rẹ̀, ó sì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn padà wọ ilé, kí ilẹ̀ má bàa mì.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Má-jàá sọ̀rọ̀. “Ìdúró nìyí. Ti àkọ́kọ́ yẹn, ìrànù ni.”

Fún ọjọ́ mẹ́ta wọn kò sọ nǹkan kan. Ọdẹ́rìndé kò kúrò níbẹ̀, kò sì ròyìn fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kẹrin, òjò Òkudù bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kò dá. Nígbà tó di ọ̀sán, Òùngbẹ wí pé, “Mo ti yó.” Kò pẹ́ sígbà náà, Má-jàá ní, “Irun kan.”

Ọdẹ́rìndé kò pariwo. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbọ́.”

Àwẹ̀ró dúró de ìyókù ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ìyókù. “Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ ń kọ́?” ló bi í.

“N kò bi í.”

Obìnrin náà jáde sínú òjò, ó tẹ̀ ba lórí òkúta. “Ẹ̀yin ará inú àdó, ṣé òkè yìí máa wó?”

“A kò mọ̀,” ni Má-jàá wí.

“Kí lẹ wá mọ̀?”

“Nígbà tí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ti yẹ̀ ní ìwọ̀n irun orí kan. Nígbà tí o ń jáde nínú ilé, irun mẹ́ta. Báyìí, irun méje. Apá ọ̀dọ̀ rẹ ló ń yẹ̀ sí.”

“Ṣé ẹ ò bẹ̀rù ni?”

“Irun mọ́kànlá.”

Àwẹ̀ró nàró. Ó nu omi kúrò lójú. “Àwọn wọ̀nyí kò fọ́nnu,” ló wí. Ó wọlé. Kò di ẹrù bíi ti tẹ́lẹ̀. Irúgbìn àgbàdo nìkan ló gbé, ó ṣù ú mọ́ inú ìró, ó gbé e rù, ó sì jáde.

Ọdẹ́rìndé na ọwọ́ láti gbé àdó.

“Fi wá sílẹ̀,” ni Má-jàá wí. “Irun ogún. Ẹsẹ̀ rẹ ń da kíkà wa rú. Máa lọ.”

Ó fi wọ́n sílẹ̀. Ó sáré bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí wọ́n ti ń súnmọ́ igi àràbà, wọ́n gbọ́ ọ lẹ́yìn wọn: ó kọ́kọ́ dún bí ìgbà tí wọ́n ń da ẹ̀wà sínú agbada, ó wá dún bí ìgbà tí gbogbo Igbó Àìdákẹ́ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilẹ̀ mì. Àwọn ará ìlú tó wà lójú ọ̀nà yíjú síbẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ lérí, wọ́n ń ké. Ọdẹ́rìndé yíjú. Erùpẹ̀ pupa ti bo ibi tí ilé bàbá wọn wà, ó ṣì ń bọ̀, kò sí òkúta, kò sí ẹ̀yìnkùlé, kò sí àdó.

Àwẹ̀ró ti dé ìdí àràbà, ibi tó ti máa ń bojú wẹ̀yìn. Ó dúró, ó tún ẹrù orí rẹ̀ gbé dáadáa.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó!” ni Ọdẹ́rìndé ń ké. “Ẹ wo ilé bàbá wa!”

“Ìwọ máa wò ó,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ìwọ lo máa ròyìn rẹ̀.”

Ó sì yà ní kọ̀rọ̀ ọ̀nà, ó ń lọ, kò bojú wẹ̀yìn.